Ọwọ́ Ọ̀gá Ni Kọ̀ǹpútà Ilé-Iṣẹ́ Ń Wò

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá báyìí tí mo ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè Olúyọ̀lé, ní Ìbàdàn níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn tí a ti ń jẹun, wọ́n pín gálà àti mínírà, ọ̀gá àgbà sì dìde, wọ́n ní láti ọjọ́ náà lọ, ilé-iṣẹ́ wa ti bọ́ lọ́wọ́ bébà. Wọ́n ti ra sọ́fúwíà tuntun láti Èkó. Ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, gbèsè tí oníbàárà jẹ, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ á máa wà. A pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ dá orin sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣe àkọsílẹ̀ owó tó wọlé, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí ímeèlì bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọ̀gá ò dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, akọ̀wé wọn sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi: "Ọ̀gá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi o, ojú ń dùn wọ́n." Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀gá fi báírò pupa fà á láàárín, wọ́n kọ "wá rí mi" sí etí rẹ̀, bébà náà sì padà tọ̀ mí wá nínú fáìlì. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kan ránṣẹ́ lórí ímeèlì mọ́. A ó tẹ iṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ọ̀gá á buwọ́ lù ú, a ó tún padà lọ tẹ ohun tí ọ̀gá kọ sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ẹnì kan di ti ẹni méjì. Bàbá tó ń tọ́jú sítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sítọ̀, ní ìwé méjì: ọ̀kan fún "ẹ̀rọ wọn", ọ̀kan tí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ìwé ńlá aláwọ̀ ewé ni ìkejì yìí, wọ́n fi ráábà dì í, wọ́n sì máa ń tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ bí ẹni ti owó mọ́lé.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí ṣáájú ni pé bí ọ̀rọ̀ kíkó iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ bá dé, ẹ̀rọ làwọn èèyàn máa ń bá lọ: èló ni wọ́n rà á, ta ló ṣe é, kí ló lè ṣe. Sọ́fúwíà tiwa yẹn ò ní àléébù tó tó nǹkan. Ohun tó pa á ni báírò pupa. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń wo ọwọ́ ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀gá sì ti sọ fún wọn pé bébà ṣì ni ọba.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà gbóná lásìkò yìí

Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ ní Ìbàdàn lè yàn bóyá òun máa lo kọ̀ǹpútà tàbí òun ò ní lò ó. Ìgbà yẹn ti ń lọ sópin.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé àwọn máa pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2023, tuntun ò sí nílẹ̀, àtijọ́ ò ṣe é ná, àwọn èèyàn ń sun ẹnu ọ̀nà báńkì, àwọn ọ̀dọ́ sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn nígboro Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó sọ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìyá aláta ní Bódìjà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo alẹ́ẹ̀tì kó tó fún oníbàárà ní ọjà. Oníbàárà tó ti ń fi fóònù sanwó fún ata kò ní kó owó sínú àpò wá san fún símẹ́ńtì. Ilé-iṣẹ́ tí ó sì ń gba ọgọ́rùn-ún tránsífà lóòjọ́ kò lè máa fi lẹ́jà àfọwọ́kọ wá ìdí owó tó sọnù.

Ìjọba náà ò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó-orí tuntun mẹ́rin, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026. Kó tó dìgbà náà ni àjọ tó ń gba owó-orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọjà wọn lọ́dún tó bílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ sókè wọnú ètò ínfọ́ìsì orí ẹ̀rọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ínfọ́ìsì tí ẹ bá kọ fún oníbàárà gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìjọba kọjá, kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Bàbá Sítọ̀ àti ìwé aláwọ̀ ewé ò lè yọjú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa aráàlú, tí wọ́n ṣe ní 2023: ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá jẹ́ kí orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì oníbàárà rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ lè san mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní yàrá ẹ̀yìn lè dá yanjú. Orúkọ ọ̀gá àgbà ló wà lára ilé-iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á wá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn

Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Hambrick àti Phyllis Mason, gbé àlàyé kan jáde tí àwọn olùkọ́ nípa ìṣàkóso òwò ṣì ń lò di òní. Kókó rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ máa ń jọ àwọn tó wà lókè rẹ̀: ohun tí wọ́n ti kojú láyé, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí, ohun tí ojú wọn mọ́ sí. Ọ̀gá tó ti ibi títa ọjà dé orí àga á máa rí oníbàárà ṣáájú ohun gbogbo. Èyí tó ti ibi ìṣirò owó dé á máa rí ìnáwó. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí Yorùbá. Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí.

Níbi iṣẹ́ gan-an, ohun àkọ́kọ́ tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ni owó, pàápàá owó tó ń tẹ̀lé ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló lè buwọ́ lu ìwé láti ra sọ́fúwíà, torí ohun tí èèyàn lè fi han àlejò ni. Tó bá wá kan owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó ẹni tí á máa tọ́jú ẹ̀rọ, owó bátìrì ínfátà, wọ́n á ní "ṣé a ò ti ra nǹkan yìí ni?" Ẹni tó ra mọ́tò tó ní òun ò ní ra epo, ẹ sọ ibi tó ń lọ fún mi.

Owó tún rọrùn ju èèyàn lọ o. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ làwọn kan wà tí agbára wọn wà nínú ohun tí àwọn nìkan mọ̀. Bàbá Sítọ̀ kì í ṣe olè. Ogún ọdún ni wọ́n fi mọ iye páálí tó wà ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, dírébà tó máa ń pẹ́ lọ́nà, oníbàárà tó máa ń dá ọjà padà. Bí ẹ bá kó gbogbo ìyẹn sínú ẹ̀rọ tí ọmọbìnrin tó ń sin ìlú lè tẹ̀, kí ló kù tí wọ́n á fi máa pè wọ́n ní bàbá? Ẹlòmíràn sì wà tí tirẹ̀ ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń buwọ́ lu wébíìlì, tí àwọn dírébà máa ń "rí" kó tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wébíìlì bá bọ́ sórí fóònù, rírí yẹn parí. Ẹ ò ní gbọ́ kí ọ̀kankan nínú wọn sọ pé òun lòdì sí ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni "nẹ́tíwọ̀kì ò dára", "ẹ̀rọ yẹn ń ṣàṣìṣe", "àwọn oníbàárà wa ò fẹ́ ẹ". Òótọ́ díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ IT ò lè bá igbákejì ọ̀gá tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jiyàn. Ọ̀gá àgbà nìkan ló lè sọ fún un pé ipò rẹ̀ ò ní bọ́, ṣùgbọ́n kò sí wébíìlì bébà mọ́ láti ìparí oṣù, títí kan ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò. Iṣẹ́ yìí kì í so lọ́dún kan. Ẹni tí wọ́n gbé sórí àga fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì ń béèrè èrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á fẹ́ nǹkan tó máa yọ kíá.

Ẹ wo báńkì Wema. Ọdún 1945 ni Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá a sílẹ̀, Àgbọ́nmágbẹ ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Nígbà tó yá, àjọ tó ń rí sí títa kòkó àti irè oko ní Ìwọ̀-Oòrùn gbà á, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti di Wema. Ilé-iṣẹ́ Odù'a, tó jókòó sí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ti ní ìpín nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Báńkì àwọn bàbá wa ni, ká sòótọ́. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ló máa ń kún inú rẹ̀. Ṣẹ́gun Olókétùyí di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní 2009, nígbà tí nǹkan ò rọgbọ. Ní oṣù Karùn-ún 2017, wọ́n gbé ALAT jáde, báńkì tí èèyàn lè ṣí àkáǹtì rẹ̀ lórí fóònù láì dé ẹ̀ka kankan, láì kọ fọ́ọ̀mù. Báńkì tí kò tóbi tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Olókétùyí kúrò ní 2018, Adémọ́lá Adebise tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ bọ́ sórí àga. Ní 2023, òun náà gbé e fún Mọ́rúfù Oṣéni, tí òun náà ti wà nínú ilé kó tó di ọ̀gá.

Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀kọ́ Wema wà gan-an nìyẹn, ju áàpù náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mẹ́ta ló jẹ tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó dé tó ní òun fẹ́ fi orúkọ tòun lé nǹkan, kó wá wó ti ẹni tó ṣáájú. Ní Nàìjíríà wa yìí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Òdìkejì rẹ̀ ni ìtàn Blockbuster ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó dàgbà ní Mọ́kọ́lá tàbí Challenge nígbà tí fídíò kílọ́ọ̀bù wà nígboro á mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: ẹ yá kásẹ́ẹ̀tì, ẹ dá a padà, bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dá a padà, ẹ san owó ìtanràn. Ní ọdún 2000, Netflix, tó ṣì kéré nígbà náà, wá bá wọn pé kí wọ́n ra òun ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Wọ́n kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí, tí wọ́n á ní ọ̀gá wọn ò lójú inú. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. John Antioco, ọ̀gá náà, ronú pìwà dà. Ní 2004 ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn èèyàn ní fíìmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ní 2005 ó fagi lé owó ìtanràn, èyí tó jẹ́ owó gidi tó ń wọlé fún wọn; ní 2006 ó so ṣọ́ọ̀bù àti íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ọkùnrin náà ti ń bá Netflix jìjàkadì. Ṣùgbọ́n Carl Icahn, ọ̀kan lára àwọn tó ní ìpín tó pọ̀ jù, kò fẹ́ràn ìnáwó náà, wọ́n sì tún ń jà lórí owó àjẹmọ́nú Antioco. Ó kúrò ní 2007. Jim Keyes, tó ti jẹ́ ọ̀gá ní 7-Eleven, gba ipò rẹ̀, ó sì yí ojú ilé-iṣẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù, torí ṣọ́ọ̀bù ni ojú rẹ̀ mọ́ sí. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2010, Blockbuster wà nílé-ẹjọ́, gbèsè ti bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà bí a ṣe ń sọ pé ọwọ́ ọ̀gá ló wà, ọ̀gá náà ní ọ̀gá. Ìgbìmọ̀ olùdarí tó yan ọ̀gá tó gbọ́n, tó wá kọ̀ láti fún un lówó tàbí àsìkò, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ti ọ̀gá tí ìtara rẹ̀ ju sùúrù lọ náà wà. Jeff Immelt darí General Electric láti 2001 títí di 2017, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ amúnáwá àti ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn nígbà náà. Ní 2015 ó dá GE Digital sílẹ̀, ó ní tó bá fi máa di 2020, GE á ti wà lára ilé-iṣẹ́ sọ́fúwíà mẹ́wàá tó tóbi jù láyé. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: kí ẹ́ńjìnnì máa fi ìròyìn ara rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè tètè mọ̀ pé ó fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Predix ni wọ́n pe sọ́fúwíà náà. Wọ́n da owó sí i. Wọ́n sì ní kó bá gbogbo irú iṣẹ́ mu lẹ́ẹ̀kan náà, kó tún máa pa owó wọlé kíákíá. Àwọn ẹ̀ka GE fúnra wọn ló wá di oníbàárà rẹ̀ tó pọ̀ jù, bí ẹni tó ṣí ilé oúnjẹ tó jẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wá jẹun níbẹ̀. Nígbà tí Immelt lọ tán, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ dín in kù.

Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ lójoojúmọ́ lè ṣubú, ọ̀gá tí kò sọ púpọ̀ sì lè ṣe é yọrí. Ọmọ iṣẹ́ kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ọ̀gá.

Ti Ìbàdàn wa

Ìlú yìí kúkú ti rí ọ̀gá tó fi ìpinnu ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun wá. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ohun tó fà á tó ìbínú: wọ́n ti bú u lórí rédíò ìjọba rí, ó ní kí wọ́n fún òun láyè láti fèsì, wọ́n kọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan ò kọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó mọ iṣẹ́ náà da òwò pọ̀, wọ́n sì fi ètò àwọn ọmọ ilé-ìwé sí i, kí ẹ̀rọ náà lè ní iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ìlú. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá rí ilé-iṣẹ́ tó ra ẹ̀rọ láìmọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ báyìí ò jọ ti 1959. Iná kọ́kọ́ wà níbẹ̀: láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn yẹ kó pẹ́ jù lójúmọ́, sókè, ọ̀gá tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wà ní títàn láàárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ jókòó ṣírò. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 sì rèé, wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá gé lápá ibi Côte d'Ivoire, áàpù báńkì dákẹ́ nílẹ̀ yìí. Ọ̀gá tí kò bá ní ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ṣe lọ́jọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ, ó ti fún àwọn tó ń sọ pé "nẹ́tíwọ̀kì ò dára" ní àwíjàre ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó jinlẹ̀ jù ní Ìbàdàn ni ti ilé-iṣẹ́ ìdílé, ó sì pọ̀ níbí, láti ilé ìtẹ̀wé dé ilé búrẹ́dì dé ilé tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Bàbá dá a sílẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ọmọ kàwé dé láti ìlú òyìnbó. Wọ́n fi í jẹ olùdarí, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ní kó "bá wa mú nǹkan bá ìgbà mu". Ọmọ ra sọ́fúwíà, ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó ní láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ kọ̀wé béèrè owó mọ́. Ní ọjọ́ Túsìdé, mánájà àgbà gba ẹ̀yìn lọ sílé Dádì pẹ̀lú ìwé àfọwọ́kọ. Dádì, tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún 1988, kò lè lé e padà. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ní ọjọ́rú, gbogbo ilé-iṣẹ́ ti gbọ́. Wọn ò bú ọmọ ọ̀gá o. Wọ́n ṣì ń kí i "ẹ káàárọ̀ sà". Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ ò tíì dé ibi tí ìwé sọ̀wédowó wà. Ta ni ọ̀gá àgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Káàdì tó wà lára ilẹ̀kùn lè sọ ohun kan, kí báírò Dádì máa sọ òmíràn.

Mo ti rí ibi tó ti yọrí, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Ìyá kan ni, Alhaja tó ń ta léèsì àti àǹkárá ní Gbági Tuntun, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án. Lásìkò ọ̀wọ́n owó 2023, àwọn kan fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ọjà lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Alhaja ní ó tó. Ọmọ àbúrò wọn bá wọn wá áàpù kan tó máa ń ka ọjà tó jáde àti owó tó wọlé, wọ́n sì fi sórí fóònù àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Gẹ̀ẹ́sì Alhaja ò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá lè tan Alhaja jẹ nínú òǹkà, kí ẹ fi hàn mí. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń dúró de ẹnì kan. Wọ́n ò tíì tú aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pe ọmọbìnrin tó wà lórí kántà.

"Ka ti àná fún mi."

Ọmọ náà kà á: léèsì mẹ́tàdínlógún, àǹkárá ọgọ́rin, owó tó wọlé, owó tó kù lọ́wọ́ ta ni.

"Àǹkárá ọgọ́rin? Ṣé o ka márùn-ún tí mo mú lọ sí ìsìnkú ìyá Ìyá Kúdí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Alhaja, tiyín kọ́ la kọ síbẹ̀ o."

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ pé Alhaja kó márùn-ún, kó o kọ iye rẹ̀, kó o kọ gbèsè sí mi lọ́rùn. Bí mo bá kó o láì kọ ọ́, ọ̀la ìwọ náà á kó o láì kọ ọ́."

Ẹ̀rọ náà ò gbówó lórí tó ti Olúyọ̀lé. Gbèsè márùn-ún tí Alhaja kọ sí ọrùn ara wọn, kò sí ilé-iṣẹ́ sọ́fúwíà tó ń tà á.

Ọ̀gá wa ti Olúyọ̀lé fẹ̀yìn tì, wọ́n lọ ní àlàáfíà. Obìnrin kan láti Èkó ni ìgbìmọ̀ fi rọ́pò wọn. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń yà kí àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tuntun dé ni wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò nínú ọ́fíìsì òun. Ẹni tó bá gbé bébà wá, wọ́n á bi í pé, "ṣé kò sí lórí ẹ̀rọ ni?" wọ́n á sì yí ojú padà sí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa dúró. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí sítọ̀, wọ́n jókòó lórí páálí, wọ́n ní kí Bàbá Sítọ̀ ṣí ìwé aláwọ̀ ewé fún àwọn. Ó kọ́kọ́ nira fún Bàbá. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, ó hàn pé sọ́fúwíà tí a fi gálà ṣí ò ní ibi kankan tí wọ́n lè kọ ọjà tí oníbàárà dá padà torí pé ó ya lọ́nà. Láti ọdún tí wọ́n ti rà á, inú ìwé yẹn nìkan ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Wọ́n pe àwọn tó ṣe sọ́fúwíà, wọ́n fi kún un, ọ̀gá tuntun sì ní Bàbá Sítọ̀ nìkan ni á máa fọwọ́ sí ohun tó bá wọ ibẹ̀.

Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, Bàbá ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, gíláàsì wà ní ṣóńṣó imú wọn. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà náà lé orí ìwé aláwọ̀ ewé kó lè ga díẹ̀, wọ́n ní ọrùn ń dùn àwọn. Ráábà yẹn ṣì wà lára rẹ̀.